Bárakú Oògùn Olóró: Ta Ni Ó Ń Tan Àwọn Òbí Ṣẹ̀kọ̀nà Jẹ?

Ìlú oríta ni Ṣẹ̀kọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti Ilé-Ifẹ̀ ń lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá ti Gbọ̀ngán àti Òde-Omù ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò gbà. Ohun tí ó sì wà ní gbogbo oríta ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú: awakọ̀ tí kò fẹ́ kí oorun kun òun, ọlọ́kadà tí ẹ̀yìn ń ro, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé jìnnà sí, àti ìyá aláparagá tí ó to ìgò agbo àti ògógóró sórí tábìlì, tí ọtí inú ọ̀rá sì so rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bárakú bá ti mú ọmọ kan nínú ilé kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Fún ọdún kan tàbí méjì, ìwà ìpáǹle ni àwọn òbí yóò máa pè é. Wọn yóò bá a wí, wọn yóò nà án, wọn yóò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lábẹ́ ìrọ̀rí, tí jẹnẹrétọ̀ bàbá yóò di àwátì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ náà wálé láti gáréèjì, tí gìrì mú un, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó, ni ẹbí yóò tó pe ìpàdé. Ìbéèrè tí ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde ní ìpàdé náà kì í ṣe pé kí ni ó lè wò ó sàn. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé: ibo ni a lè gbé e lọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní gbọ́?

Ìdí ìbéèrè yìí ni gbogbo jàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn kan sì ti mú ọ̀rọ̀ náà lò débi pé wọ́n ń fi ọmọ wọn san gbèsè rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ìrìn-àjò rẹ̀ láti Ṣẹ̀kọ̀nà kò tó wákàtí kan bí ọ̀nà bá dára. Ẹ̀ka rẹ̀, Wesley Guild, wà ní Iléṣà. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo. Ẹbí kì í fẹ́ lọ síbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá jókòó sí iwájú yàrá dókítà ọpọlọ, ará àdúgbò kan lè rí wọn. Wọ́n á kúkú gbé ọmọ lọ sí orí òkè àdúrà, tàbí sí ilé babaláwo kan ní abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, tàbí, bí ọwọ́ bá tẹ owó díẹ̀, sí ilé ìtọ́jú aládàáni tí gbogbo ayé ń pè ní ríháàbù, èyí tí ó ṣèlérí pé ní oṣù kan péré òun yóò dá ọmọ wọn padà ní ẹ̀dá tuntun.

Orí ìlérí olóṣù kan yìí ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dá dúró sí, nítorí pé òun ni ó ń gbilẹ̀ jù lọ nísinsìnyí. Ìpolówó rẹ̀ ń gba orí WhatsApp àti Facebook káàkiri. Àwòrán ọgbà tútù wà níbẹ̀, ibùsùn funfun wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Bíbélì tàbí ti Kùránì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá tí ó ti tà nínú oko kòkó rẹ̀ láti san owó náà gbàgbọ́ pé ìwòsàn ni òun rà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun tí òun rà kò ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ iye tí ìyókù yóò ná an.

Níbo ni oṣù kan yìí tilẹ̀ ti wá? Kì í ṣe láti inú ìwé ìṣègùn kan tí ó wọn bárakú bí ẹni wọn aṣọ. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-ìwòsàn ìjọba kan ní Willmar àti ilé ìtọ́jú Hazelden, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, ṣe ètò kan fún àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Wọ́n kó dókítà, nọ́ọ̀sì, àlùfáà àti àwọn ọ̀mùtí àtijọ́ tí wọ́n ti jáwọ́ pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n sì gba aláìsàn sínú ilé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà gbà láti máa san owó ọjọ́ 28, ọjọ́ 28 sì di òdiwọ̀n tí gbogbo ayé ń wò kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Minnesota kò rán aláìsàn wọn lọ sílé lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n pé ó dìgbóṣe. Ara ètò náà ni pé kí ó máa lọ sí ìpàdé Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún 1935, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wò ó kọ níhìn-ín mú ẹnu ọ̀nà náà wálé, wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń gba owó ilé.

NIDA, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún ìwádìí lórí oògùn olóró, kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ìtọ́jú tí kò bá pé 90 ọjọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí aláìsàn ń sùn níbẹ̀ tàbí èyí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ipá rẹ̀ kéré. Àjọ náà tún sọ pé nínú 100 ènìyàn tí a bá tọ́jú, ó tó 40 sí 60 tí wọn yóò tún padà fọwọ́ kàn án, àti pé èyí kò yàtọ̀ sí bí ó ṣe ń rí fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọlé dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún oṣù kan, kí ó da ìyókù nù, kí ó wá sọ pé dókítà ni ó lù òun ní jìbìtì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru sókè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó ti ríháàbù dé bá tún mu sìgá igbó kan, gbogbo ẹbí yóò pariwo pé ayé ti bà á jẹ́, pé owó ti ṣòfò, pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé ìtọ́jú olóṣù kan kò wúlò. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọdún kan tàbí méjì ni ó yẹ kí a ti ọmọ mọ́lé. Wọn kò rò ó dé ilẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá kúrò lórí iṣẹ́ fún ọdún kan, ẹlòmíràn ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ẹdẹ tí kò bá yọjú fún ọdún kan lè pàdánù àyè rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà kò ní oníbàárà tí yóò dúró dè é di ọdún tí ń bọ̀. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ilé ni ohun tí ó ṣeé ṣe. Ohun kan sì wà tí kò yẹ kí a ṣe ní ibòmíràn ju inú ilé tí dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lọ: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ara bá ń béèrè ohun tí ó ti mọ́ ọn lára.

Níbi yìí ni àìmọ̀kan ti ń pa ènìyàn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ yékéyéké. Ẹni tí ó ti ń mu ògógóró láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí díẹ̀. Gìrì lè mú un ní ọjọ́ kìn-ín-ní tàbí ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kí ó máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré. Àìsàn ni èyí, ó ń pa ènìyàn, oògùn rẹ̀ sì wà: oògùn amárabalẹ̀ bíi diazepam tí dókítà ń wọ̀n díẹ̀díẹ̀, fítámínì B1, omi àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí òkè àdúrà ni ó wà, wọn yóò ní ẹ̀mí èṣù ni ó ń jà nínú rẹ̀. Wọn yóò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ òpó, wọn yóò sì kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lé e lórí. Wọ́n mú ohun tí ó lè gbà á là kúrò, wọ́n fi ohun tí yóò tètè pa á kún un. Bí ó bá kú, wọ́n á ní ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá.

Ti tramadol àti codeine yàtọ̀, ó sì burú ní ọ̀nà mìíràn. Ìnira ìjáwọ́ níbẹ̀ pọ̀, inú rírun, èébì, àìsùn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Ewu rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjáwọ́. Bí ọmọkùnrin kan bá ti ń lo oògùn yìí lọ́pọ̀, ara rẹ̀ ti kọ́ láti gbà á. Bí ó bá lo oṣù kan ní ríháàbù láì fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ti gbàgbé. Ọjọ́ tí ó bá padà sí gáréèjì, tí ó sì lo iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, iye náà lè dá èémí rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìdásílẹ̀, èyí tí ẹbí fi ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó léwu jù lọ fún ọmọ náà. Ilé ìtọ́jú tí kò bá jókòó ti òbí kí ó ṣàlàyé èyí kí ọmọ tó jáde ti jẹ̀bi, bí ó ti wù kí ibùsùn rẹ̀ funfun tó.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ ọgbà kan ní àdúgbò Ojóò ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Àwòrán wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, egungun àyà àwọn kan nínú wọn ṣeé kà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Rigasa, Kàdúná, níbi tí wọ́n ti tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ju 300 lọ sílẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ajínigbé ni ó kó gbogbo wọn débẹ̀. Bàbá àti ìyá ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, pé kí a bá wọn tún ọmọ ṣe. Ní oṣù kọkànlá kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá: wọ́n rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé àdúrà, wọ́n rí i ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, wọ́n rí i ní ilé ìtọ́jú ti ìjọba pàápàá. Àwọn oníròyìn pariwo ọ̀rọ̀ Ojóò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn 259 náà wà lónìí, kò ní rí i kà.

Báwo ni ìṣòro náà ti tóbi tó? Ìwádìí kan wà tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, èyí tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ó sọ pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìyẹn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 14.3. Ilẹ̀ Yorùbá ni ó léwájú nínú ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú ìdá 22.4. Nínú márùn-ún tí ó ń lò ó, bárakú tàbí àìsàn tí ó jọ ọ́ ti mú ẹnì kan. Ohun tí àwọn tí wọ́n ń ka ìṣirò yìí sì sábà máa ń gbàgbé ni pé kò ka ọtí mọ́ ọn. Paragá kò sí níbẹ̀. Ọtí inú ọ̀rá kò sí níbẹ̀. Bí a bá fi wọ́n kún un, kí ni iye náà ìbá jẹ́ ní oríta bíi ti Ṣẹ̀kọ̀nà?

Ìwádìí kan náà sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ó ń lo oògùn olóró jẹ́ obìnrin. Ta ni ó ń kọ́ ilé ìtọ́jú fún wọn? Bí ọmọkùnrin bá wà nínú bárakú, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ni ó kó bá a. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, wọ́n á ní aṣẹ́wó ni, wọn yóò sì fi í pamọ́ títí yóò fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nígbà tí àwọn olùwádìí sì béèrè ohun tí kò jẹ́ kí àwọn tí wọ́n fẹ́ ìtọ́jú rí i gbà, ìdáhùn tí wọ́n rí kò ju mẹ́ta lọ: owó rẹ̀, ìtìjú rẹ̀, àti pé kò sí nítòsí.

Àwọn tí wọ́n bá rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni ó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ìtàn ara wọn. Ní ọdún 1954 ni ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lámbò. Ilé-ìwòsàn náà kò tíì parí ní kíkọ́ nígbà náà, Lámbò sì gbé ìgbésẹ̀ kan: ó bẹ àwọn ará abúlé tí ó wà láyìíká pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ó pọn dandan kí ìbátan kan, ìyá, arábìnrin tàbí àbúrò, bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn kí wọ́n sì jọ padà sí abúlé. Aláìsàn ń bá wọn lọ sí oko, ó ń bá wọn jó níbi ìnáwó. Kò sí ògiri. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, Lámbò sì di igbákejì olùdarí àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Arò ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìtọ́jú bárakú oògùn olóró di òní yìí.

Ohun tí Lámbò mọ̀ ni èyí tí àwọn oníṣòwò ríháàbù kò fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀: ẹbí jẹ́ ara oògùn. Ẹni tí ó bá gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, tí ó sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ yọjú títí oṣù yóò fi pé, ti ju ìdajì ìtọ́jú nù, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. A lè ní kí àlejò má wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ara aláìsàn lè balẹ̀. Ìyẹn bójú mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá ní láti jókòó níwájú olùtọ́jú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ohun tí ó gbé e dé ìdí rẹ̀, ẹni tí ó ń fún un lówó, ẹni tí ó ń tà á fún un, àti ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún ṣubú.

Nítorí náà, ẹbí tí ó bá ti pinnu láti gba ọ̀nà oṣù kan gbọ́dọ̀ fẹnu béèrè nǹkan kí ó tó san kọ́bọ̀. Kí orúkọ dókítà tí yóò rí ọmọ wọn lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ di mímọ̀, kí wọ́n sì rí i lójúkojú. Ẹni tí a ń pè ní "dọ́kítọ̀" nínú ọgbà kì í ṣe dókítà nígbà gbogbo. Kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ bí gìrì bá mú un lóru. Kí wọ́n wọ yàrá tí ọmọ yóò sùn sí, kì í ṣe yàrá tí a fi ń gba àlejò. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀, kí wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ìbéèrè tí ó tóbi jù ni ti ọjọ́ tí ọmọ bá jáde: ta ni yóò máa rí i ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, níbo, ṣé owó rẹ̀ wà nínú èyí tí a san tàbí ọ̀tọ̀ ni? Bí kò bá sí ìdáhùn sí èyí, ilé àlejò ni wọ́n fẹ́ gba owó rẹ̀, kì í ṣe ti ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá sì ṣèlérí pé dájúdájú ọmọ kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́ láé ti purọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò bínú pé ọ̀rọ̀ yìí ń ta ko àdúrà. Kò ta ko ó. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí ó bá rán ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn, tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ó dé, tí ó wá iṣẹ́ fún un láàárín ìjọ, ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ríháàbù ń ṣe lọ. Ọ̀tá rẹ̀ ni ẹni tí ó ní ẹ̀wọ̀n àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò sí àìsàn kankan níbẹ̀, pé ọmọ náà kàn ya aláìgbọràn ni, ẹgba ni yóò wò ó. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wo àgbàlagbà awakọ̀ tí ó ti sin ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ọtí pa, tí ó ń sunkún pé òun fẹ́ fi í sílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n kí ó tó mu ife àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ta ni yóò na ìyẹn?

Ìjọba wá ńkọ́? Ìjọba ni ó jẹ̀bi jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC ti tú àṣírí òwò oògùn ikọ́, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ wọlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti wá ibùsùn fún àwọn tí codeine ti di bárakú fún kí òfin náà tó jáde. Ẹni tí kò rí codeine mọ́ rí tramadol. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn tí ń ṣe ọtí inú ọ̀rá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tún sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ pariwo pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn aṣòfin gbọ́ igbe wọn. Igbe ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọ̀rá márùn-ún kí ó tó jẹun àárọ̀ kò dé etí kankan ní Àbújá. Àjọ NDLEA ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ti kíkó igbó àti mímú ènìyàn. Wọ́n tilẹ̀ ní ibùdó ìgbaninímọ̀ràn, wọ́n sì ti ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Ṣùgbọ́n ìyá wo ní Ṣẹ̀kọ̀nà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àjọ tí ó mọ̀ sí àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ọmọ lọ sí àtìmọ́lé?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin tí ìjọba amúnisìn ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1916. Ó gba ju 100 ọdún lọ kí orílẹ̀-èdè yìí tó jáwọ́ nínú pípe àwọn aláìsàn rẹ̀ ní wèrè nínú ìwé òfin. Òfin nìkan kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀ṣun, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tí ń gba ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tí ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ni a lè kọ́ láti máa rí ọmọ tí ó ti ríháàbù dé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárín àwọn aláìsàn yòókù, débi pé ẹni tí ó rí i lórí ìjókòó níbẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ibà ni ó gbé e wá tàbí bárakú. Èyí kò béèrè ilé tuntun. Kò béèrè kí gómìnà wá gé ríbọ́ọ̀nù. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi tíì ṣẹlẹ̀.

Àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni pẹ̀lú, ta ni ó ń ṣe àyẹ̀wò wọn? Ìjọba ìpínlẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣí ilé ìgbẹ̀bí láì gba ìwé àṣẹ. Kí ó fi àkọsílẹ̀ àwọn ríháàbù tí wọ́n gba àṣẹ ní Ọ̀ṣun sí ibi tí gbogbo òbí ti lè kà á, ní èdè Yorùbá, lára ògiri ilé ìlera, lára ògiri gáréèjì, kí ó sì kọ orúkọ dókítà tí ó ń dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí i. Kí ó ti àwọn yòókù pa kí ó tó di pé ọlọ́pàá tún rí 259 mìíràn. Kí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, tí wọ́n lágbára láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjá, lo díẹ̀ nínú agbára náà láti lé àwọn tí ń ta tramadol kúrò nínú gáréèjì wọn; wọ́n mọ̀ wọ́n lórúkọ.

Ní ti ẹbí tí ó ti rán ọmọ lọ, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ń bọ̀. Ọkọ̀ yóò já ọmọ náà sílẹ̀ ní oríta Ṣẹ̀kọ̀nà, pẹ̀lú báàgì kan, ara rẹ̀ yóò ti ki díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ yóò kọ́kọ́ rí i kí ìyá rẹ̀ tó rí i, àyàfi bí ìyá rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Kí ó wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì ti gba ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà ní Ifẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ará àdúgbò rí wọn tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ, kí ó sì sọ ohun tí ó bá wù ú.